Ẹrẹ̀ Tó Ń Wá Ẹni Tí Yóò Kà Á

Lẹ́yìn ilé kan ní Igbó-Elérin, ní Èkó, wọ́n ń gbẹ́ bóhóòlù. Iyanrìn pupa ló kọ́kọ́ bá omi jáde, amọ̀ aláwọ̀ eérú tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni iyanrìn funfun. Mo bi ọ̀gá wọn bóyá ó máa ń fi díẹ̀ pamọ́ nínú wọn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, omi làwa ń wá." Ó fi ṣọ́bìrì gbá gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà.

Nítorí irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo wọ ọkọ̀ Badagry ní Okokomaiko. Lẹ́yìn Ìjànìkìn àti Àgbárá, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, àgbọn gba ojú. Ahanve, lápá Badagry, ni mò ń lọ. Mo dúró lẹ́bàá àbàtà níbẹ̀, mo wò yíká: ọ̀pẹ, àgbọn, koríko. Igi ẹ̀gbà, tó máa ń na gbòǹgbò sínú omi iyọ̀, n kò rí ẹyọ kan.

Bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ nìyí nígbà kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn ló fi hàn wá. Ọ̀pá ẹrẹ̀ tó gùn tó mítà 11 ni wọ́n fà yọ nílẹ̀ Ahanve, ó sì fi mákirosíkóòpù yẹ lẹ́búlẹ́bú òdòdó inú rẹ̀ wò láti ìpele dé ìpele. Lẹ́búlẹ́bú yìí kì í tètè jẹrà nínú ẹrẹ̀, ti igi kọ̀ọ̀kan sì ní ìrísí tirẹ̀. Ti ẹ̀gbà pọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, ó ti pòórá. Ọdún 2004 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ní 2014, òun àti onímọ̀ mìíràn, Emuobosa Orijemie, tún jọ kọ̀wé lórí Badagry. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gbẹ́ ẹrẹ̀, àmọ́ ìbéèrè tuntun kì í tán lára rẹ̀.

Ẹrẹ̀ ti inú òkun gan-an wà nípamọ́, ṣùgbọ́n Jámánì ló wà. Lọ́dún 1995, ọkọ̀ JOIDES Resolution gbẹ́ ìsàlẹ̀ òkun níwájú Ghana àti Ivory Coast. Ilé òtútù kan ní Yunifásítì Bremen ni àwọn ọ̀pá náà wà báyìí. Wọ́n ti la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì lóròó: ìlàjì kan kò ṣeé bù, èkejì ni wọ́n ń bù fún àwọn onímọ̀. Ojú ibi tí wọ́n bá bù, wọ́n á fi fóòmù dí i kí ẹrẹ̀ tó kù má baà ya lulẹ̀. Láti 2007 ni àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ á tẹ́ ọ̀pá àtijọ́ síwájú wọn, wọ́n á ní kí wọ́n ṣe bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lójú agbami: kí wọ́n ka àwọ̀ rẹ̀, kí wọ́n ṣa ìkarahun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, kí wọ́n wá ọjọ́ orí rẹ̀. Ọdún 2024 ni JOIDES Resolution ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹrẹ̀ àtijọ́ í yẹ̀ wò ni ọjà rẹ̀ yóò tà báyìí.

Nígbà tí mo padà, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Iyana-Iba, mo rìn dé géètì Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní Ojo. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rò pé ó dìgbà téèyàn bá ní ọkọ̀ ojú omi kó tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Rárá o. Bremen kì í ta ẹrẹ̀. Kí onímọ̀ kọ̀wé sí wọn, kó sọ ìbéèrè rẹ̀, kó dárúkọ ọ̀pá àti ìpele tó fẹ́. Èyí tó le ni olùkọ́ tí yóò jókòó ti ọmọ lẹ́nu mákirosíkóòpù, àti iná tí kò ní lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Ojo, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, kí ẹ jọ kọ ìwé sí Bremen. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrẹ̀ ti 1995. Omi òkun tó ń ṣàn kọjá níwájú Ghana, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń ṣàn bọ̀.