Irinṣẹ́ Tí A Fi Ń Kọ́ Ìlú Sínú Géèmù

Ẹni tó bá mọ Makepe nílùú Douala ní Kamẹrúùnù, tó mọ ráńdábáòtù Petit Pays, èyí tó ń jẹ́ orúkọ gbajúmọ̀ olórin makossa nì, tí takisí aláwọ̀ ìyeyè àti àwọn alùpùpù tí wọ́n ń pè ní bendskin kì í jẹ́ kó dákẹ́, tó sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé Missoké, níbi tí odò Tongo-Bassa ti máa ń kún wọ ilé onílé nígbà òjò, ẹni náà yóò gbà pẹ̀lú mi pé àdúgbò yìí tó kọ́ ayé géèmù kan. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀dọ́ ibẹ̀ bá jókòó ti géèmù, ìlú onílùú ló ń rìn kiri. Ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ àti ìyẹ̀wù tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Japan kọ́ síbẹ̀ bí ẹni tó mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀, bó ti ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tó fi yẹ kó tẹ ọmọ Makepe lọ́wọ́.

Apá méjì ni géèmù ní. Apá kìíní ni ẹ́ńjìnnì, èyí tí í mọ bọ́tìnnì tí a tẹ̀, tí í ṣírò bí ohun tó wúwo ṣe ń já bọ́ àti bí ọta ṣe ń fò, tí sì í ya àwòrán tuntun sójú ẹ̀rọ ní ìgbà 30 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Apá kejì ni àwọn fáìlì: ògiri, àwọ̀, ohùn, àti ibi tí ọ̀tá lúgọ sí. Ẹ́ńjìnnì kò dá ìlú kankan mọ̀ fúnra rẹ̀; ohun tó bá bá nínú fáìlì ni yóò gbé jáde, kì í sì í béèrè ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tí John Carmack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní id Software gbé Doom jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ya apá méjèèjì sọ́tọ̀, wọ́n kó ìlú, àwòrán àti ohùn jọ sínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní WAD, nítorí wọ́n ti rí i pé àwọn tí ń gbá géèmù tí wọ́n ṣe ṣáájú, Wolfenstein 3D, ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀ láti tún un ṣe. Kí ọdún 1994 tó parí, àwọn tí ń gbá Doom ti dá irinṣẹ́ tiwọn ṣe, wọ́n sì ti ń kọ́ ìlú tuntun sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí a fi ìdánwò rí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń lò. Alágbẹ̀dẹ tó ta ọkọ́ fún àgbẹ̀ ti ṣe tirẹ̀. Èyí tó wá fa ẹwìrì, ẹ̀mú àti ọmọ owú lé àgbẹ̀ lọ́wọ́, tó ní kó wá rọ ohun tó bá wù ú lẹ́nu iná Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, ti sọ oníbàárà di ẹlẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Valve ṣe ní ọdún 1998: Worldcraft, irinṣẹ́ tí wọ́n rà lọ́wọ́ Ben Morris, tí wọ́n sì fi kọ́ Half-Life gan-an, ni wọ́n fi sínú páálí kan náà pẹ̀lú géèmù fún ẹni tó bá rà á. Hammer ni orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ká ní ọmọ Makepe kan ṣí irinṣẹ́ yìí, tó sì fẹ́ kọ́ ráńdábáòtù àdúgbò rẹ̀. Fèrèsé mẹ́rin ni yóò bá lójú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan ń fi ilẹ̀ hàn láti òkè, méjì ń fi í hàn láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀kẹrin ń fi í hàn bí ẹni tó dúró síbẹ̀ yóò ti rí i. Yóò fa búlọ́ọ̀kù kan jáde fún ilẹ̀, òmíràn fún ògiri ṣọ́ọ̀bù, òmíràn fún òrùlé. Búlọ́ọ̀kù kankan kò sì gbọdọ̀ ní ara tó tẹ̀ wọnú, nítorí ìṣirò ẹ́ńjìnnì kò gbà á. Yóò ya fọ́tò páànù tó ti dípẹtà, yóò fi bo ògiri náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá to àwọn ohun tí kò ní ògiri lára: ibi tí ẹni tí ń gbá géèmù yóò ti yọjú, iná títì, ariwo jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀kùn tí í ṣí bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn. Odò Tongo-Bassa pàápàá wà níkàáwọ́ rẹ̀, nítorí búlọ́ọ̀kù tí a sọ di omi, tí a sì pàṣẹ fún pé kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, lè kún Missoké lójú gbogbo wa.

Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀rọ náà jinlẹ̀ sí ni ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tí ọmọ náà bá ti ṣíwọ́. Ètò mẹ́rin ni yóò tẹ̀ lé ara wọn láti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di fáìlì tí ẹ́ńjìnnì lè kà. Èkíní, CSG, yóò gé gbogbo ojú búlọ́ọ̀kù tó bọ́ sínú ara wọn kúrò, níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí yóò rí wọn láéláé. Èkejì, BSP, yóò pín àyè sí méjì, yóò tún pín ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì, títí gbogbo ìlú yóò fi ní ẹ̀ka bí igi, tí ẹ́ńjìnnì yóò sì lè tètè mọ ibi tí ẹsẹ̀ ẹni wà. Ẹ̀kẹta, VIS, ni mo kan sáárá sí jù lọ: yóò dúró ní igun kọ̀ọ̀kan, yóò wádìí ibi tí ojú lè ríran dé láti ibẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa fi agbára ṣòfò lórí ọjà tó wà lẹ́yìn ògiri. Ìdí nìyí tí ìlú náà fi gbọ́dọ̀ dí pinpin. Bí ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ bá là sí òfìfo tó wà lóde, VIS kò ní ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà yóò fa ìlà kan tí ọmọ náà lè tẹ̀ lé títí dé ẹnu ihò ọ̀hún. Ẹ̀kẹrin, RAD, ni í ṣírò ìmọ́lẹ̀, bó ti ń ti ojú iná jáde, tó ń kọlu ògiri, tó sì ń ta padà sórí ilẹ̀. Èyí lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, bí iná ìjọba bá sì lọ lágbedeméjì, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni: òjìji tó bá ṣírò yóò wà nínú fáìlì títí, kọ̀ǹpútà ẹni tí yóò gbá géèmù náà kò sì ní tún un ṣírò mọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó ti darúgbó fi lè gbé e láìmí gúlegúle.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Minh Le, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kánádà, àti Jess Cliffe lo ohun tí Valve fún wọn láti ṣe géèmù Counter-Strike ní 1999. Dave Johnston, ọ̀dọ́mọkùnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ ìlú Dust fún un lọ́dún kan náà. Nígbà tó fi di ọdún 2000, Valve fúnra rẹ̀ ti ń ta Counter-Strike.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Epic Games fa irinṣẹ́ ìkọ́lé tirẹ̀, Unreal Editor, lé àwọn tí ń gbá géèmù Fortnite lọ́wọ́, tí wọ́n sì ṣèlérí pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé lórí géèmù náà yóò jẹ́ ti àwọn tó bá kọ́ nǹkan sínú rẹ̀. Ohun ńlá ni, mo sì yìn ín, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbára ló ń béèrè, dátà tí yóò sì jẹ kò kéré. Fún ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà àlòkù ní Makepe, Hammer ni mo fọwọ́ sí.

Èyí tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ìní. Blizzard fi irinṣẹ́ ìkọ́lé sínú Warcraft III ní 2002, inú rẹ̀ ni àwọn tí ń gbá a ti bí géèmù DotA, tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tí Blizzard tún Warcraft III gbé jáde ní 2020, wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé géèmù tí ẹnikẹ́ni bá fi irinṣẹ́ náà ṣe, ti Blizzard ni. Ẹni tó fi ẹwìrì rẹ̀ yá àgbẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílẹ̀ Kamẹrúùnù níbí, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ti Yaoundé gbé Aurion jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, ìtàn Enzo Kori-Odan, ọba Zama, àti Erine olorì rẹ̀; ó fi hàn pé ọwọ́ wa tó iṣẹ́ náà. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn, àti sí gbogbo ẹni tí ń ṣe géèmù láti Yaoundé dé Èkó, ni pé nígbà tí ẹ bá ń gbé géèmù mìíràn jáde, ẹ fi irinṣẹ́ tí ẹ fi kọ́ ọ tì í, ẹ kọ ìlànà rẹ̀ ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ohun tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tirẹ̀ ni.