Albáníà: Etíkun àti Ìlú Àtijọ́ fún Ẹni tí Àpò Rẹ̀ Kò Wúwo

Ní gúúsù ilẹ̀ Albáníà, létí abúlé kan tí ń jẹ́ Ksamil, omi tóóró kan ni ó pín ilẹ̀ náà níyà kúrò lára Corfu, erékùṣù orílẹ̀-èdè Gíríìsì. Níbi tí omi náà ti há jù, kò ju nǹkan bí kìlómítà 3 lọ. Ẹni tí ó bá dúró ní èbúté lè rí òkè àti ilé Corfu kedere. Títí di ọdún 1990, ìjọba Albáníà kò gbà kí ọmọ ìlú kọjá omi yìí. Àwọn kan fi òru bojú, wọ́n sì wẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn dé òdìkejì láàyè, ẹlòmíràn rì sínú omi, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè sì yìnbọn pa àwọn mìíràn. Lónìí, ọkọ̀ ojú omi tí ó yára ń gbé èrò láti Corfu wá sí Sarandë, ìlú tí ó wà nítòsí Ksamil, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ìgbafẹ́ ni àwọn èrò náà ń bá wá.

Ohun tí ó ń fà wọ́n wá kò fara sin. Omi Ksamil mọ́ gaara, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí aró tí a fi omi là. Erékùṣù kéékèèké mẹ́rin wà níwájú abúlé náà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lè wẹ̀ dé èyí tí ó súnmọ́. Irú etíkun bẹ́ẹ̀ wà ní Ítálì àti ní Gíríìsì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni a fi ń dé ibẹ̀. Ní Albáníà, ẹni tí kò lówó púpọ̀ ṣì lè gbádùn rẹ̀, bí ó bá mọ àkókò tí ó yẹ kí ó lọ.

Orílẹ̀-èdè náà kò tóbi. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 28,748 níbùú lóròó, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ Benin. Ìkànìyàn ọdún 2023 fi hàn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 2.4. Gíríìsì wà ní gúúsù rẹ̀. Ítálì sì wà ní òdìkejì òkun ní ìwọ̀ oòrùn. Mùsùlùmí, Kátólíìkì àti àwọn Kristẹni ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ Albáníà rí ni ó mọ Ìyá Teresa tí ó tọ́jú àwọn òtòṣì ní ilẹ̀ Íńdíà. Ọmọ ẹ̀yà Albáníà ni, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ pápákọ̀ òfuurufú ìlú Tirana, olú-ìlú wọn.

Kí ni ó mú kí orílẹ̀-èdè tí ó wà láàárín Yúróòpù pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n? Enver Hoxha ni ó ṣe olórí rẹ̀ láti ọdún 1944 títí tí ó fi kú ní ọdún 1985. Ó bá Yugoslavia jà ní 1948, ó bá Rọ́ṣíà jà ní 1961, ó sì bá Ṣáínà jà ní 1978. Ní 1967, ó ti gbogbo mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Aráàlú kò gbọdọ̀ ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀. Nítorí ìbẹ̀rù ogun tí kò dé rí, ìjọba rẹ̀ fi kọnkéré mọ ihò ààbò tí ó ju 170,000 lọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀: nínú oko, ní etíkun, lẹ́yìn ilé, orí wọn rí roboto bí olú tí ó hù lẹ́yìn òjò. Àwọn kan ti di ilé kọfí, àwọn kan di ibi tí a ń kó ẹrù sí. Méjì tí ó tóbi nínú wọn ní Tirana ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí àlejò ti lè rí bí ìjọba náà ti ń ṣọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Nígbà tí ìjọba náà wó, ilẹ̀kùn ṣí lójijì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, nǹkan bí ènìyàn 20,000 rọ́ wọ inú ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo, Vlora, ní èbúté Durrës, wọ́n sì mú un lọ sí Bari ní Ítálì. Ìjọba Ítálì dá ọ̀pọ̀ wọn padà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ Albáníà ti ń lọ sí òkè òkun wá iṣẹ́, ọ̀pọ̀ abúlé sì wà tí ó jẹ́ pé àgbàlagbà nìkan ni ó kù síbẹ̀. Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀. Ìrìn wá yí padà. Ní ọdún 2023, àlejò tí ó wọ Albáníà ju mílíọ̀nù 10 lọ, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́rin àwọn onílé.

Ẹni tí ó fẹ́ ná owó díẹ̀ lè gba orí omi wọlé. Ọkọ̀ ojú omi tí ń ti Bari lọ sí Durrës máa ń gbéra ní alẹ́, yóò sì gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó fi jẹ́ pé èrò kò ní san owó ilé ìtura ní òru ọjọ́ náà. Ọmọ Benin tí ó ń gbé ní ilé nílò físà. Ẹni tí ó ń gbé ní Faransé tàbí ní Ítálì, tí ó sì ní ìwé ìgbélùú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, lè wọlé láìgba físà. Síbẹ̀ kí ó béèrè ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Albáníà kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí òfin ibodè a máa yí padà.

Láti ìlú dé ìlú, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní furgon ni tálákà àti ọlọ́jà ń wọ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ takisí láti Ketu lọ sí Cotonou kò ní nílò àlàyé púpọ̀. Ọkọ̀ a dúró títí yóò fi kún. Awakọ̀ tàbí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a ń sanwó fún, èrò sì lè sọ̀ ní ibikíbi tí ó bá fẹ́ lójú ọ̀nà. Òwúrọ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù máa ń lọ. Ẹni tí ó bá dé ibùdókọ̀ ní ọ̀sán lè sùn sí ìlú tí kò rò.

Owó wọn ń jẹ́ lek. Nínú ọ̀ràn owó yìí ni ẹ̀rù ti máa ń ba ọ̀pọ̀ àlejò. Ní ọdún 1965, ìjọba yọ òdo kan kúrò nínú owó: lek 10 àtijọ́ di lek 1 tuntun. Ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ báyìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti àwọn tí a kò tíì bí nígbà náà, ṣì ń ka owó ní ti àtijọ́. Bí ìyá kan lọ́jà bá sọ pé kílò ọ̀pọ̀tọ́ jẹ́ 2,000, 200 ni ó fẹ́ gbà. Àlejò yóò rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ, ìyá náà yóò sì máa wò ó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Awakọ̀ tí kò ṣòótọ́ lè dákẹ́, kí ó sì gba 2,000 náà. Ohun tí ó dára jù ni kí àlejò ní kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀, tàbí kí ó na owó tí ó rò pé ó jẹ́ sí ọlọ́jà.

Oúnjẹ kò wọ́n. Búrẹ́kì, tí wọ́n ń kọ ní byrek, ni oúnjẹ òwúrọ̀ àwọn òṣìṣẹ́: ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn, tí a fi wàràkàṣì, ẹ̀fọ́ tàbí ẹran sí láàárín, tí a sì yan. Ẹyọ kan sábà máa ń wà láàárín lek 50 àti 100. Lek 100 jẹ́ nǹkan bí yúrò 1, ìyẹn nǹkan bí fráǹkì 650. Ibùsùn kan nínú yàrá tí àlejò púpọ̀ jọ ń sùn lè jẹ́ yúrò 10 sí 15, tàbí fráǹkì 6,500 sí 10,000. Ẹni tí ó bá fẹ́ yàrá tirẹ̀ lè rí i nínú ilé àwọn aráàlú. Onílé ni yóò gbé kọfí wá fún un ní òwúrọ̀, àti èso láti inú ọgbà rẹ̀. Ọ̀wọ̀ àlejò jẹ́ òfin àtayébáyé láàárín wọn. Besa ni wọ́n ń pe ẹ̀jẹ́ tí ó dè wọ́n pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹni tí ó sá wọ ilé wọn lé ọ̀tá lọ́wọ́. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ìdílé Albáníà fi àwọn Júù pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun Jámánì, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Júù tí ó wà ní ilẹ̀ náà lẹ́yìn ogun fi pọ̀ ju ti ìṣáájú ogun lọ.

Láti Sarandë, furgon máa ń gun òkè lọ sí Gjirokastër. Lójú ọ̀nà ni orísun omi tí wọ́n ń pè ní Ojú Aró wà. Omi ń ru jáde níbẹ̀ láti inú ihò kan tí àwọn òmùwẹ̀ ti wọ̀ kọjá mítà 50, tí wọn kò sì tíì kan ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Gjirokastër ni ó yẹ kí arìnrìn-àjò fi ọjọ́ púpọ̀ sí, ju etíkun lọ pàápàá. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni ìlú náà wà. Òkúta ni a fi tẹ́ ọ̀nà rẹ̀, òkúta ni ògiri, òkúta pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú sì ni a fi bo ilé dípò páànù. Àwọn olówó àti àwọn ìjòyè ayé ìjọba Tọ́kì ni wọ́n kọ́ àwọn ilé ńláńlá ibẹ̀, tí ó ga bí ilé ìṣọ́. Ìsàlẹ̀ ilé ni kànga òjò àti àká wà. Yàrá ìgbà òtútù wà lókè rẹ̀. Yàrá ìgbà ooru, tí fèrèsé rẹ̀ pọ̀, wà lókè pátápátá. Ní orí òkè ni odi àtijọ́ kan wà. Nínú rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà kan ń dógùn-ún. Ní ọdún 1957 ni ó balẹ̀ sí Albáníà, ìjọba sì gbé e kalẹ̀ fún aráyé gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ amí.

Ìlú yìí ni a ti bí Enver Hoxha ní 1908. Níbẹ̀ náà ni a ti bí Ismail Kadare ní 1936, òǹkọ̀wé tí ó gba ẹ̀bùn Booker ti gbogbo àgbáyé ní 2005, tí ó sì kú ní 2024. Ọmọ ìlú kan náà ni ẹni tí ó ti ilẹ̀ náà pa àti ẹni tí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún ayé. Ìbí àwọn méjèèjì ti di ibi tí àlejò ń wọ̀ lọ wò.

Ní ọdún 1961 ni ìjọba Hoxha pàṣẹ pé Gjirokastër àti Berat di ìlú ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó ilé wọn láti kọ́ tuntun. UNESCO gba Gjirokastër sínú àkójọ ogún gbogbo ayé ní 2005, ó sì fi Berat kún un ní 2008. Berat wà ní àríwá, ní ẹ̀bá odò Osum. Àwọn ilé funfun rẹ̀ to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ òkè, fèrèsé wọn sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe Berat ní ìlú ẹgbẹ̀rún fèrèsé. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú odi rẹ̀, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń sin adìyẹ, láàárín àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí ayàwòrán Onufri, ẹni ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ti fi orúkọ Berat sí ẹnu ayé.

Ó ṣe ni láàánú pé etíkun kò ní irú ààbò tí ìlú wọ̀nyí ní. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, àga àti agbòòrùn bo Ksamil dé etí omi, àwọn tí ó ni wọ́n sì lè béèrè yúrò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ jókòó. Owó ilẹ̀ náà pàápàá ti lágbára: ní 2020, yúrò kan ń mú ju lek 120 wá, ní 2024, kò ju nǹkan bí 100 lọ. Nítorí pé fráǹkì sefá so mọ́ yúrò, ohun tí ó kan ẹni tí ń ná yúrò kan ọmọ Benin náà. Ní ìtòsí ìlú Vlorë, wọ́n ti ń kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun létí ọ̀sà Narta, níbi tí àwọn ẹyẹ òkèèrè máa ń bà sí, àwọn olùdáàbòbò ẹ̀dá sì ń tako iṣẹ́ náà. Ohun rere tí ìjọba ṣe ni pé ní 2023 ó sọ odò Vjosa di ọgbà ìtọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sé e mọ́.

Nítorí náà, oṣù karùn-ún, ìkẹfà àti ìkẹsàn-án ni ó dára jù fún olówó kékeré. Omi òkun ṣì gbóná ní oṣù kẹsàn-án, èrò ti lọ, owó yàrá sì ti rọ̀. Kì í ṣe Ksamil nìkan ni etíkun wà. Borsh ní etíkun gígùn tí igi ólífì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Himarë náà sì ní àwọn àyè tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí láìsanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó bá sì padà sí Gjirokastër ní àkókò náà yóò rí ohun tí owó rẹ̀ ń ṣe. Òrùlé òkúta wúwo. Igi tí ó gbé e ró a máa jẹrà, àwọn oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì pọ̀ mọ́. Àwọn ajogún ilé kan ti tú ká sí Ítálì, Gíríìsì àti Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó mọ ọ̀ràn ilé ẹbí mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ó bá di pé ta ni yóò san owó àtúnṣe. Àwọn ilé mìíràn ti wó nítorí èyí. Àwọn tí ó dúró dáradára ni àwọn tí ẹnìkan ń gbé, tí ó sì ń gba àlejò sí yàrá òkè. Òjò ìgbà òtútù máa ń pọ̀ níbẹ̀ láti oṣù kọkànlá, nítorí náà owó yàrá tí a san ní oṣù kẹsàn-án lè di òkúta lórí ilé kí òjò tó dé.