Ta Ló Ni Orin Tó Wà Nínú Jọ́nà?

Ní ọdún 2022, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ronú sí. Lagos State Polytechnic tó wà ní Ìkòròdú di yunifásítì, òun la mọ̀ sí LASUSTECH báyìí. Lọ́dún yẹn kan náà, kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Noforija, ní Ẹ̀pẹ́, pa pọ̀ mọ́ ti Oto-Ijanikin, wọ́n sì di yunifásítì kan ṣoṣo, ìyẹn LASUED.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti di yunifásítì, iṣẹ́ olùkọ́ ibẹ̀ kì í tán sí kíláàsì mọ́. Ó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí, kó sì tẹ ohun tó rí jáde nínú jọ́nà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ á ṣòro fún un. Tó bá wá jẹ́ pé èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ni ẹni náà ń ṣe, ibo ló máa lọ wá ohun tó máa kọ? Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa ni. Ìyá tó mọ orin, bàbá tó mọ oríkì ìdílé, ọdẹ tó mọ ìjálá.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tí orin ìyá àgbà kan bá di iṣẹ́ tí ẹlòmíràn fi di ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ló ni orin náà? Orúkọ ta ló yẹ kó hàn? Tí wọ́n bá kọ ọ́ sódì ńkọ́? Gbogbo jọ́nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ní ìlànà tó dáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ni jọ́nà gan-an?

Jọ́nà kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ìwé ìròyìn ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Jọ́nà ń tẹ ìwádìí tuntun jáde, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ mìíràn bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe nǹkan àná: láti 1665 ni Philosophical Transactions ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń jáde títí dòní. Àwa náà ní tiwa. Yunifásítì Èkó ní Láàńgbàsà, tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọ. Yoruba Studies Association of Nigeria ní èyí tí wọ́n sọ ní Yorùbá. Yoruba Studies Review sì bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2016.

Ohun tó wà nínú jọ́nà kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kà á lónìí á tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ẹlòmíràn á tún tọ́ka sí ìyẹn lọ́dún mẹ́wàá sí i. Tí irọ́ tàbí olè bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ti di ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìlànà fi ṣe pàtàkì.

Kọ́kọ́ gba àṣẹ

Ká mú àpẹẹrẹ kan, àròsọ lásán ni o. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí Ẹ̀pẹ́ lásìkò ọdún Káyókáyó. Ó rí ìyá àgbà kan tó ń lé orin, ó yọ fóònù, ó gba ohùn ìyá náà sílẹ̀, ó kí wọn, ó lọ. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, orin yẹn ti wà nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀.

Ṣé ó ti jí nǹkan? Lójú ìlànà ìwádìí, ó ti kùnà. Kó tó tẹ bọ́tìnnì fóònù yẹn ló yẹ kó ti sọ ẹni tó jẹ́, ohun tó fẹ́ fi orin náà ṣe, àti ibi tó máa jáde sí. Ìyá lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n dárúkọ àwọn, tàbí kí wọ́n fi orúkọ àwọn pa mọ́. Òǹkàwé á rántí pé ìyá tí kò mọ̀wé náà lè gbà tàbí kó kọ̀: ẹ ṣàlàyé fún wọn ní Yorùbá, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i. Ẹ̀rí nìyẹn.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo kò tó fún. Ní Ìkòròdú, tí wọ́n bá ń ṣe Orò, obìnrin kì í jáde. Kò sí ọmọ ìlú tí kò mọ̀. Ká ní ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wá sọ ọ̀rọ̀ inú awo fún oníwàádìí, ṣé kí jọ́nà tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé? Ẹni tó sọ ọ́ gbà, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló ni ín. Olóòtú tó mọṣẹ́ á béèrè bóyá àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá jáde. Ìwádìí kì í ṣe ìwé àṣẹ láti tú àṣírí ìlú.

Òfin Nàìjíríà náà sọ̀rọ̀ síbí. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ tuntun, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ń dáàbò bo orin, àlọ́ àti àṣà àbáláyé tí kò ní òǹkọ̀wé kan pàtó. Ẹni tó bá tẹ irú rẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ sọ ìlú tàbí àwùjọ tó ti mú un wá. Nítorí náà, “orin Yorùbá kan báyìí” kò tó. Orin Ẹ̀pẹ́ ni, ẹ sọ pé Ẹ̀pẹ́ ni.

Ẹ̀pẹ́ kan, ìtàn méjì

Ẹ̀pẹ́ tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò lórí oyè. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, 1862 ló tó padà sí Èkó. Ìwọ̀sílẹ̀ rẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ni ọdún Káyókáyó ń rántí. Títí dòní, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó Ẹ̀pẹ́ náà wà, ẹnu àwọn méjèèjì kì í sì í fìgbà gbogbo kò lórí ìtàn ìlú.

Tí oníwàádìí bá wá gbọ́ tẹnu ẹ̀gbẹ́ kan, tó kọ ọ́ bí ẹni pé òun ni ìtàn Ẹ̀pẹ́ látòkèdélẹ̀, kò purọ́, àmọ́ ó ti ṣe ìdájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Iṣẹ́ tó wà nínú jọ́nà lè di ohun tí wọ́n máa gbé lọ sí kóòtù lórí ọ̀ràn ilẹ̀ tàbí oyè. Ó yẹ kí òǹkọ̀wé sọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀, àdúgbò tí ẹni náà ti wá, àti pé àwọn mìíràn ń sọ ọ́ lọ́nà ọ̀tọ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó sọ ọ́ síta. Kò ba iṣẹ́ jẹ́. Fífi í pa mọ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni kí a kọ ọ́

Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní adùn Ìjẹ̀bú nínú. Òǹkọ̀wé mìíràn á gbọ́ orin náà, á wá “tún un ṣe” sí Yorùbá ilé ìwé kí ó lè mọ́ lójú. Lójú onímọ̀ èdè, ẹ̀rí ló pa run yẹn, bí ìgbà tí dókítà bá yí èsì àyẹ̀wò aláìsàn padà torí pé kò dùn ún wò. Kọ ohun tó sọ. Tó o bá fẹ́ ṣàlàyé, fi àlàyé sí ìsàlẹ̀.

Àmì ohùn náà ńkọ́? Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń tẹ Yorùbá láìsí àmì. Yọ àmì kúrò lórí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ìyàwó ilé, àgbẹ̀, awakọ̀ àti jagunjagun ti di ọ̀kan náà. Nínú ewì, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe kékeré, ewì náà ló lọ yẹn.

Orúkọ ta ló yẹ kó wà níbẹ̀?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àmọ́ ẹni tó bá lo ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n gbọ́dọ̀ dárúkọ ọlọ́gbọ́n. Jíjí iṣẹ́ kọ kì í ṣe dídà gbólóhùn kọ nìkan. Bí o bá yí gbólóhùn padà, tí o túmọ̀ iṣẹ́ ẹlòmíràn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá láìdárúkọ rẹ̀, olè náà ni. Ẹ̀rọ tó ń wá olè iṣẹ́ lè má rí irú èyí, torí èdè ti yàtọ̀. Onímọ̀ tó kàwé ló máa rí i.

Orúkọ tí kò yẹ pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀gá tí kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀ kò yẹ kó wà lára àwọn òǹkọ̀wé nítorí pé ọ̀gá ni. Ẹ̀rọ bíi ChatGPT náà kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé. COPE, ẹgbẹ́ tí ó ti ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn olóòtú jọ́nà láti 1997, sọ bẹ́ẹ̀ ní 2023: ẹ̀rọ kò lè dúró fún ẹjọ́ bí iṣẹ́ bá ní àléébù. Tó o bá lò ó, sọ pé o lò ó.

Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò

Olóòtú á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Nínú ọ̀pọ̀ jọ́nà, wọ́n máa ń yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ìṣòro tiwa ni pé àwọn tó mọ ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú dunjú kò pọ̀. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì lè mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Torí náà, ẹni tó bá rí i pé iṣẹ́ ọ̀rẹ́, ọ̀tá tàbí akẹ́kọ̀ọ́ òun ni wọ́n fi ránṣẹ́, kó sọ fún olóòtú, kó yẹra.

Tí wọn kò bá yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́? Alan Sokal, onímọ̀ físíìsì ní New York, fi àpilẹ̀kọ tó kún fún ìsọkúsọ ránṣẹ́ sí jọ́nà Social Text, tó dá lórí àṣà. Wọn kò fi han onímọ̀ físíìsì kankan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1996. Òun fúnra rẹ̀ ló wá tú àṣírí.

Àwọn kan tilẹ̀ sọ ọ́ di òwò. Ní 2013, ìwé ìròyìn Science tẹ èsì ìdánwò kan jáde: John Bohannon fi ìwádìí oògùn tó kún fún àléébù ránṣẹ́ sí jọ́nà 304, 157 nínú wọn gbà á. Irú jọ́nà gbàrọgùdù bẹ́ẹ̀ ló ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ pé “san owó, ọjọ́ mẹ́ta ló máa jáde.” Owó lọ, orúkọ náà bàjẹ́. Kí o tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, wò ó: ta ni olóòtú wọn? Ṣé èèyàn tó wà lóòótọ́ ni? Ṣé wọ́n kọ ìlànà wọn síta? Ṣé AJOL tàbí DOAJ, àwọn àkójọ jọ́nà tí èèyàn lè yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, mọ̀ wọ́n? Má sì fi iṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí àṣìṣe bá ti wọlé

Jọ́nà tó dáa kì í yọ́ iṣẹ́ kúrò bí ẹni ń gbé òkú lóru. Tí àṣìṣe bá kéré, wọ́n á tẹ àtúnṣe jáde. Tí ó bá jẹ́ olè tàbí irọ́, wọ́n á kéde pé àwọn fagi lé e, wọ́n á sì sọ ìdí. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí olóòtú, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nìkan. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó rí orin ìyá rẹ̀ nínú jọ́nà láìsí orúkọ ìyá rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé béèrè.

Ẹ̀yin tó wà ní yunifásítì báyìí, tí iṣẹ́ àṣekágbá máa gbé yín lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà láìpẹ́, ẹ kọ orúkọ, ìlú, ọjọ́ àti àṣẹ sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá jáde tán, ẹ tẹ ẹ̀dà kan, ẹ gbé e padà lọ fún wọn, kí ẹ sì kà á sí wọn létí. Tí wọ́n bá ní “èmi kọ́ ni mo sọ èyí o,” àyẹ̀wò tí kò sí olóòtú tó lè ṣe é lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn.