Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Máìkì olówó pọ́ọ́kú àti máìkì olówó ńlá

Oríṣi máìkì méjì ni a sábà máa ń lò láti gba ohùn olórin sílẹ̀. Èkíní ni dynamic, nínú èyí tí ìgbì ohùn ti ń mi wáyà wẹ́wẹ́ tí a ká sí ẹ̀gbẹ́ mágnẹ́ẹ̀tì, tí mímì náà sì ń di iná mànàmáná. Irú rẹ̀ ni Shure SM58 ti Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 1966, tí a ń tà ní nǹkan bí 100 dọ́là. Èkejì ni condenser, nínú èyí tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ti ń gbọ̀n níwájú irin pẹlẹbẹ. Neumann U 87 ti Jámánì, tí ó jáde ní ọdún 1967, tí owó rẹ̀ ju 3,000 dọ́là lọ, wà lára wọn.

Ohun tí olówó ńlá sábà fi ta pọ́ọ́kú yọ ni pé ariwo inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kéré, ohùn òkè sì ń yọ kedere láìgún etí. Ṣùgbọ́n bí yàrá bá ń dún padà, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ké nítòsí, condenser tí etí rẹ̀ mú yóò gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ orin. Shure SM7, dynamic tí kò wọ́n tó U 87, ni Bruce Swedien, onímọ̀ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, fi gba púpọ̀ nínú ohùn Michael Jackson sílẹ̀ fún àwo Thriller ti ọdún 1982. Nítorí náà, kí olówó kékeré tó ra máìkì ńlá, kí ó kọ́kọ́ fi aṣọ tó nípọn bo ògiri yàrá rẹ̀.