Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àìsàn tó sọ ẹ̀gẹ́ di ọ̀gá

Ẹni tó bá ti fọwọ́ bu stáàṣì sínú ọbẹ̀ báńgà ní Warri mọ bó ṣe máa ń fà. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ro ó.

Àìsàn kan wà nínú ìtàn ẹ̀gẹ́ yìí: ní September 1918, ọkọ̀ ojú omi SS Bida gbé inflúẹ́ńsà wọ Èkó. Ó pa nǹkan bí 500,000 èèyàn ní Nàìjíríà. Ifelunza ni àwọn Ìgbò pè é.

Ẹ̀gẹ́ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Àmọ́ ní 1981, onímọ̀ ìtàn Don Ohadike kọ ọ́ pé àjàkálẹ̀ yìí ló mú un gbilẹ̀ nísàlẹ̀ odò Ọya, lápá Asaba. Iṣu ń fẹ́ ebè, ó ń fẹ́ ọ̀pá, àjàkálẹ̀ náà sì ti pa ọ̀pọ̀ géńdé. Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Gé igi rẹ̀, tì í bọ ilẹ̀, ó ti hù.