Ìwé Ni Ó Yẹ Kó Ṣáájú Katakata ní Lẹ́kkí

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinúbú, láàárín gbùngbùn Èkó. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, pẹ̀lú irú ọnà tí àwọn Àgùdà kó bọ̀ láti Brazil, ìjọba sì ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ ilé náà fi wà nínú ìwé ìjọba, síbẹ̀ ìwé náà kò dá katakata dúró. Ẹni tó ń gbé Lẹ́kkí tàbí Ajah lè rò pé ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn. Èmi gbà pé ó kàn wọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí Ìsàlẹ̀ Èkó ní àkọsílẹ̀ ohun tó pàdánù, ṣùgbọ́n ní etí òkun yìí, ilé lè wó kí ìtàn rẹ̀ sì bá a lọ.

Iṣẹ́ pípa ilé àtijọ́ mọ́ ní ìpele méjì. Èkíní ni àkọsílẹ̀: a ó ya fọ́tò ilé náà nínú àti lóde, a ó wọn yàrá àti ògiri rẹ̀, a ó sì bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó kọ́ ọ, ohun tó fi kọ́ ọ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Èkejì ni ìkéde: àjọ tí òfin gbé iṣẹ́ náà fún yóò yẹ ìtàn ilé náà wò, yóò fi tó onílé létí, yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀ bí kò bá fara mọ́ ọn, kí ìjọba tó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú gàsẹ́ẹ̀tì. Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, NCMM, tí òfin 1979 dá sílẹ̀, ló ni iṣẹ́ yìí. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin tirẹ̀. Láti ọjọ́ ìkéde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó ilé náà tàbí pa á dà láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ilé náà kò bá sí níwájú òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí pílánù, tí kò sí owó àtúnṣe, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bẹ̀ ẹ́ wò, ìkéde náà kò ju inki orí ìwé lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ìlú tuntun ni Lẹ́kkí, kí ló wà níbẹ̀ tí a fẹ́ pa mọ́? Lẹ́kkí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ ni ẹ́sítéètì, géètì àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ìlú Lẹ́kkí gan-an, tó jìnnà sí Lẹ́kkí Phase 1 lápá ìlà-oòrùn, ti di èbúté òwò tipẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851 tó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, etí òkun Palma àti Lẹ́kkí ni ọ̀nà òwò rẹ̀. Ní 1863 ni Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n mọ́ Èkó. Ìlú Lẹ́kkí yìí kan náà ni ìjọba há Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ ní 1962, kí ẹjọ́ tí wọ́n pè é lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ sì ni òṣùwọ̀n. Ìlú New York, tó ṣe òfin tirẹ̀ ní 1965 lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ibùdókọ̀ ojú irin Pennsylvania ní 1963, gbà pé ilé tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún lè yẹ fún ìkéde. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wo Lẹ́kkí, ẹ́sítéètì tí ìjọba Gómìnà Lateef Jákàńdè kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù ti tó ohun tí à ń kọ sílẹ̀.

Màrókò, àdúgbò kan ní etí òkun yìí kan náà, ló fi hàn wá ohun tí àìkọsílẹ̀ ń ná ni. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun lé nǹkan bí 300,000 ènìyàn kúrò níbẹ̀, wọ́n sì wó àdúgbò náà. Ohun tó kù jù nínú rẹ̀ lónìí ni ìrántí tó wà lọ́kàn àwọn tí wọ́n lé, ọjọ́ sì ń lọ lórí wọn. Ní òdìkejì, ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní Lẹ́kkí, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, ṣì dúró láàárín àwọn ẹ́sítéètì. Igbó ni, kì í ṣe ilé, ṣùgbọ́n ó ní ààlà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ àti alábòójútó tó ń sùn tó ń jí pẹ̀lú rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti onílé. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Ta ni yóò san owó àtúnṣe, kí ló dé tí ọmọ olóògbé kò fi lè tà á jẹun? Òótọ́ ni, ìjọba tó bá kéde ilé láìfi ohunkóhun ran onílé lọ́wọ́ ti sọ ogún rẹ̀ di ẹrù. Ìdí nìyẹn tí ìkéde fi gbọ́dọ̀ bá ẹ̀dínkù owó orí ilẹ̀ àti ìrànlọ́wọ́ àtúnṣe rìn. Ilé àtijọ́ sì lè pa owó: ẹ̀wọ̀n Broad Street, tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1882, ti di Freedom Park láti 2010, tí àwọn ènìyàn ń lọ gbọ́ orin, wo eré, jẹun níbẹ̀. Ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní 1898 ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré nípa ojú irin.

Bẹ́ẹ̀ ni, Èkó nílò ilé àti ọ̀nà, gbogbo ilé àtijọ́ kò sì lè dúró. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ó kàn ní kí a mọ ohun tí a fẹ́ wó kí a tó wó o. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí pílánù ẹ́sítéètì tàbí ọ̀nà tuntun kankan ní Etí-Ọ̀sà àti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ mú àkọsílẹ̀ ààfin, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ojúbọ àti ibojì tó wà lórí ilẹ̀ náà wá. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ìdílé, kí òmíràn wà ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ̀kẹta wà ní ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pílánù. Àwọn ọmọ ìlú náà kò gbọdọ̀ dúró de Abuja. Fóònù ọwọ́ ọ̀dọ́ àti ẹnu àgbà ti tó láti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ìjọba kò lè kéde ilé tí kò mọ̀ pé ó wà.