Owó Tó Wọlé Lẹ́ẹ̀mejì

Kí àkùkọ tó kọ ni ajé ògúgúlùsọ̀ ti máa ń sọ̀ sí ọjà Mile 12 ní Èkó, nítorí pé láti Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń fi òru kó tòmátò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kétu. Bẹ́ẹ̀ ni tòmátò tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kò mọ sùúrù, bí a kò bá tètè tà á, omi ni yóò dà mọ́ni lọ́wọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí a dá ògbólógbòó ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà, tí wọ́n sún gbèdéke láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, tí owó tuntun kò sì tó pín, owó di ohun tí à ń fi owó rà lọ́wọ́ àwọn oní-POS.

Ìgbà náà ni ìyá olóúnjẹ kan láti Ìkòsí wá sí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, níbi tí mo ti ń bá wọn tajà. Ìyá náà ra ata rodo rọ́bà kan àti tòmátò, wọ́n fowó ránṣẹ́ lórí fóònù. Báńkì yọ owó lọ́dọ̀ wọn, àwa kò rí i gbà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: mo di ẹrù náà mú, nítorí mo ti gbọ́ nípa àwọn tí ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ èké gbé ọjà lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ. Bí a bá tìtorí ata ta oníbàárà lọ́pọ̀, a kò ní rí wọn rà padà lọ́wọ̀n-ọ́n."

Nígbà tí ìyá náà padà wá, ₦50 àti ₦100 ni wọ́n tú sórí àtẹ, owó kékeré tí àṣẹ báńkì kò kàn, tí epo pupa ti rin etí rẹ̀. Wọ́n ní báńkì kò tíì dá tàwọn padà, ṣùgbọ́n gbèsè kò gbọdọ̀ sùn sí àwọn lọ́rùn.

Àwọn kan ní àwìn ní ń ba òwò jẹ́. N kò bá wọn jiyàn nígbà tí owó bá wà. Ṣùgbọ́n lóṣù tí owó sá pamọ́ yẹn, àwìn ló gbé ìsọ̀ wa ró.

Lẹ́yìn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ni owó orí fóònù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí àpò wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rán mi lọ sí Ìkòsí láti dá a padà. Ìyá náà kò gbà á: "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín, ata ni n ó fi máa gbé." Títí tí owó náà fi tán, àwa la jẹ gbèsè, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ń bu èènì sí i lójoojúmọ́.